Ìwé Tí Kò Lámì Lórí Fírísà

Omi ló tú àṣírí. Ó ń kán tó, tó, tó lábẹ́ fírísà ńlá inú yàrá àyẹ̀wò, ó ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó sì rin bàtà obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀. Kí Ìyá Rọra àti Sájẹ́ǹtì rẹ̀ tó dé, ogójì ìgò ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó le bí òkúta ti yọ́ tán. Ẹnìkan ti fa wáyà fírísà yọ lára ògiri. Lórí fírísà náà, ẹni náà fi ààbọ̀ ìwé kan sílẹ̀, ó sì gbé ìgò òfìfo lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Ìyá Rọra. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí "ẹ rọra" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níbi tí ariwo bá wà. Ó ti fi "ẹ rọra" mú olè tó lé ní ogún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò rọra.

Sájẹ́ǹtì na ìwé náà sí i. Kò gbà á.

"Kà á sókè," ó ní, "kí gbogbo wa lè gbọ́."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ títú àpò àwọn obìnrin wò ló bá wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ojú tó mú àti etí tó gbọ́ràn ló sì gbé e dé ipò ọ̀gá. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó kọ́ ìwé kíkà. Ó mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ máa ń mì, ìka rẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ojú ń tì í kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ rí i.

Sájẹ́ǹtì kà á wàràwàrà: "Ẹ dárí jì mí. Mi ò lè pa ẹ̀jẹ̀ náà mọ́."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò nílé ìwádìí yìí, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀: àwọn tí ojú wọn pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, tí ikùn wọn kún fún omi, tí oúnjẹ kò fẹ́ dà nínú ìfun wọn mọ́. Ogójì ènìyàn ló ń lo oògùn tuntun náà. Oṣooṣù ni Ìyá Ìgò máa ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló sì máa sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá Ìgò," ni Dókítà tó ni ìwádìí náà wí. "Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí, méjì péré ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Èkejì rèé lọ́rùn mi. Kì í dé ọwọ́ ẹlòmíràn."

"Dókítà, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé èmi ni màá fọwọ́ ara mi pa àwọn ọmọ mi?"

"Ọmọ wo?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Àwọn ìgò mi ni. Ọmọ ni mo ń pè wọ́n."

"Haa! Ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ kú ewu o, Ìyá Ọ̀pọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà ní tó bá fi máa di ọ̀sán, òun á ti kọ lẹ́tà tí yóò lé Ìyá Ìgò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá lé nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́, kò sí ilé ìwòsàn tó máa gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ mọ́ láyé.

"Ẹ múra, ká lọ," ni Ìyá Rọra wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ẹ̀wù funfun yìí ná. Ẹ má fi í mú mi jáde."

Ìyá Rọra gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ohun kékeré ni obìnrin náà bèèrè. Ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀, ó sì ń kánjú. "Ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ìyá Ìgò lọ́wọ́ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, wọ́n sì mú un gba àgbàlá kọjá níwájú àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnìkan sọ pé, "Háà, Ìyá Ìgò wa kọ́ nìyí?" Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Òun náà ni. Ó ti ta ẹ̀jẹ̀ wa." Ìyá Ìgò kò ké. Ó kàn ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ó já nǹkan bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó sínú mọ́tò ọlọ́pàá lábẹ́ igi, ọlọ́pàá kan sì dúró tì í.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Sájẹ́ǹtì rí ṣájà fóònù kan lára ògiri, ní ojú iná tó sún mọ́ ti fírísà.

"Mà! Ẹ wo èyí!"

Dírẹ́bà ilé ìwádìí ló ni ín. Wọ́n pè é wọlé, ó sì wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

"Ṣájà ta ni?"

"Tèmi ni. Kí ló ṣe?"

"Ìwọ lo yọ wáyà fírísà, kí fóònù rẹ lè gba iná?"

Dírẹ́bà gbé búrẹ́dì mì. "Èmi? Ọ̀gá, ojú iná méjì ló wà níbẹ̀ yẹn. Tọwọ́ òsì ni mò ń lò. Ìyá Ìgò ti kìlọ̀ fún mi pé lọ́jọ́ tí mo bá fọwọ́ kan tọwọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ tí òun máa gún mi, mi ò ní lè jókòó wa mọ́tò fún oṣù kan."

"Níbo lo wà lánàá?"

"Mo gbé oògùn lọ sí ìlú kejì ní agogo mẹ́ta. Òwúrọ̀ yìí ni mo dé. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún bú mi pé mo pẹ́."

Wọ́n yẹ ìwé géètì wò. Bó ṣe wí ló rí. Ọ̀nà yẹn dí.

"Ẹ má jẹ́ ká dààmú ara wa, mà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹlẹ́bi ti wà nínú mọ́tò."

Ṣùgbọ́n Ìyá Rọra yíjú sí Dókítà.

"Dókítà, ṣé orúkọ wà lára àwọn ìgò yẹn?"

"Rárá o. Nọ́ńbà ni. Èmi gan-an kò gbọdọ̀ mọ ìgò ta ni mò ń wò, kí n má baà ṣe ojúsàájú. Ìyá Ìgò nìkan ló mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe lónìí?"

"Àyẹ̀wò kan ni. Mo sọ fún gbogbo wọn níbi ìpàdé tá a ṣe ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná. Mo ní ẹni tó bá fi ọtí kan ẹnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sọ ọ́ fún wa. Oògùn yìí àti ọtí kò lè gbé inú ẹ̀dọ̀ kan náà. Tí ẹnìkan bá ń mu ún lábẹ́lẹ̀, ó lè pa á, ó sì máa dàbí ẹni pé oògùn ló pa á."

Ìyá Rọra ní kí Sájẹ́ǹtì mú ìwé orí fírísà náà fún òun. Ó mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí ìdérí. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tó máa wo ètè rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ tó kọ ọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n, bíi kòkòrò tó bọ́ sínú tàdáwà tó wá ń wọ́ ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Ìyá Ìgò ni wọ́n sọ pé ó ń rí iṣan lára ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọdún mọ́kànlá.

Ohun kejì ni pé obìnrin yẹn kò pe ìgò rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ rárá láti àárọ̀. Ọmọ ló ń pè wọ́n. Ta ló máa fi orúkọ àjèjì tọrọ àforíjì lórí ọmọ tirẹ̀?

Ohun kẹta ló mú kó fọwọ́ lu itan. Ìyá Ìgò mọ ẹni tó ni ìgò kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ ba ìgò kan jẹ́, ìgò kan ṣoṣo ló máa bà jẹ́. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà tirẹ̀ ló máa ba gbogbo ogójì jẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí eku wà kì í ti iná bọ gbogbo ilé.

Ó wá fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń kà. E dariji mi. Mi o le pa eje naa mo. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ níwèé, wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ kan kò bá lámì, kéèyàn gbé e gba gbogbo ohùn rẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Àwọn tó kọ́ ìwé ní kékeré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú wọn máa ń sáré débi tí ọkàn wọn ti wà tẹ́lẹ̀.

"Èje," ni ètè rẹ̀ wí. Rárá, kò sí ohun méje níbẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀." Bí Sájẹ́ǹtì ṣe kà á nìyẹn. Ó tún gbé ohùn sókè díẹ̀.

"Ẹ̀jẹ́."

Mi ò lè pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́.

Ojú tì í débi pé ó gbóná dé etí. Ìwé tí ó yẹ kó kà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, agogo mẹ́wàá ló tó ń kà á, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nítorí pé kò fẹ́ kí ọmọkùnrin kan rí ètè òun, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí obìnrin kan lọ́wọ́ níwájú gbogbo ayé. Ó tún ní kó máa bọ̀ nínú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ó rí ohun tó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró gba oògùn, wọ́n gbé ìwé kan kọ́ sára ògiri nínú férémù igi tí wọ́n fín dáadáa. Wọ́n fi àmì sí èyí ní tirẹ̀: Ẹ̀JẸ́ WA. A KÒ NÍ FI ỌTÍ KAN ẸNU TÍTÍ ÌWÁDÌÍ YÌÍ YÓÒ FI PARÍ. Ogójì ènìyàn ló tẹ̀ka sí abẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn rí i bó ṣe ń wò ó. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n Dókítà, ló fín férémù yẹn," ó ní. "Káfíńtà ni wọ́n. Àwọn náà ni wọ́n ka ẹ̀jẹ́ ọ̀hún ṣáájú, tí gbogbo wa ń tẹ̀lé wọn. Nítorí tiwọn ni Dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí."

"Wọ́n dà lónìí?"

"Wọ́n wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Wọ́n ti jókòó láti àárọ̀, wọn ò tíì wá gba oògùn."

Ọkùnrin kan tó ti gbẹ, tí ikùn rẹ̀ nìkan yọ síwájú, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ọ̀pá sáàárín orúnkún méjèèjì. Mọ́tò ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ igi ló ń wò.

Ìyá Rọra kò tọ̀ ọ́ lọ tààrà. Ìwé náà ló kọ́kọ́ na sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ bá mi kà á." Nọ́ọ̀sì kà á: "Mi ò lè pa ẹ̀jẹ̀ náà mọ́." Ó na án sí Dírẹ́bà. Ẹ̀jẹ̀ ni Dírẹ́bà kà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ náà kà á, ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ilé yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá jí, òun ni wọ́n ń bá sùn.

Ó wá jókòó ti Bọ̀ọ̀dá.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ojú mi kò gbé ìwé yìí dáadáa. Ẹ bá mi kà á."

Ọwọ́ tó gbà á ń gbọ̀n, ìwé náà sì ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí," ó kà á wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò lè pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Ìyá Rọra wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ kà á bí ẹni tó kọ ọ́."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo rò pé àbúrò mi máa mọ ọwọ́ mi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ tó mọ̀ mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ?"

"Orúkọ ni báìrò kọ̀. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Wọ́n pe Dókítà sí yàrá kékeré kan. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tíì lo oògùn?"

"Dókítà," ni Ìyá Rọra wí, "ẹ ní kọ́kọ́rọ́ yín kì í dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìpàdé àná ńkọ́?"

"Mo délé ní agogo márùn-ún. Mo gbàgbé awò ojú mi sínú yàrá àyẹ̀wò. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n jókòó, pé àwọn á bá mi mú un wá. Mo bẹ̀ wọ́n pé rárá, èmi kọ́ ló yẹ kó rán ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́, wọ́n ní..." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹlòmíràn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọdé.

"Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ló kú," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ife kan ni mo mu. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí n fi ife kan gbàgbé ife àkọ́kọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ sì ń dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ò ń sọ pé, 'Ẹ wo bọ̀ọ̀dá mi, àwọn ni ẹ̀rí mi.' Ìgò tèmi nìkan ni mo wá mú. Nígbà tí mo ṣí fírísà, nọ́ńbà ni mo rí, mi ò mọ èwo ni tèmi. Mo bá fa wáyà yọ. Mo kọ ìwé yẹn kí n tó jáde, nítorí mi ò lè purọ́ fún ọ."

"Ẹ sì jókòó síbí láti àárọ̀, ẹ ń wo Ìyá Ìgò nínú mọ́tò?" Dókítà bi í.

"Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àbúrò mi. Ẹsẹ̀ kò gbé mi."

Dókítà fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ̀dọ̀ tiyín ni mo ń wá oògùn fún," ó ní. "Ẹ bá sọ fún mi. Ká ní ẹ sọ fún mi ni."

Ìyá Rọra jáde lọ bá Ìyá Ìgò. Ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Ìgò fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

"A ti rí ẹni tó ṣe é," ni Ìyá Rọra wí. "Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bínú."

"Níbo lẹ ti fi nǹkan yìí sí mi lọ́wọ́?"

"Nínú yàrá àyẹ̀wò."

"Níbo lẹ mú mi gbà?"

Ìyá Rọra wo àwọn bẹ́ǹṣì. Ogún ojú, ọgbọ̀n ojú, gbogbo wọn ń wo òun. "Àgbàlá," ó ní.

"Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ fi ń bẹ̀ mí nínú mọ́tò. Àgbàlá ni kí ẹ ti bẹ̀ mí."

Òótọ́ ni. Ìyá Rọra rìn lọ sáàárín àgbàlá, ó yọ ìwé náà jáde, ó sì fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ orí kọ́. Nígbà tó kà dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó dúró.

"Ọ̀rọ̀ tó wà níbí yìí, mi ò kà á fúnra mi láàárọ̀," ó ní. "Mo jẹ́ kí wọ́n kà á fún mi, nítorí ojú ń tì mí kẹ́ ẹ rí bí mo ṣe ń kàwé. Ẹ ti wá rí i. Ìyá Ìgò kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo ba orúkọ wọn jẹ́ níwájú yín."

Kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, Bọ̀ọ̀dá sì jáde wá, Dókítà di apá rẹ̀ kan mú.

"Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní. "Èyí tí mo kà fún yín, tí ẹ tẹ̀lé mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo yọ wáyà."

Ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ògiri, ọkùnrin kan tẹ orí ba. Obìnrin kan tó wà ní iwájú náà tẹ orí ba, ó fi gèlè nu ojú. Ìyá Rọra rí àwọn méjèèjì. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ìyá Ìgò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó gbọn ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó tú bọ́tìnnì rẹ̀, ó tún un dè láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wọlé lọ fọ ọwọ́. Nígbà tó jáde, ó gbé abọ́ ìgò tuntun dání, ogójì ìgò òfìfo. Gbogbo iṣẹ́ oṣù kan ló máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "ẹ ṣì máa mú Bọ̀ọ̀dá lọ sí àgọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n máa sọ tẹnu wọn."

"Ẹ dúró ná. Mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn kí ẹ tó lọ."

Bọ̀ọ̀dá jókòó, ó na apá. Ó ń gbọ̀n débi pé bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ń dún lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ yìí á sọ gbogbo rẹ̀," ó ní.

"Kó sọ ọ́," ni Ìyá Ìgò wí. "Ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ bí wọ́n ṣe máa wò yín."

Ó kọ nọ́ńbà kan sára ìgò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ó wá gbé ojú sókè wo Ìyá Rọra lẹ́ẹ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín sí i, kò sì bú u. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú títí tí ìgbọ̀n náà fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ẹ rọra."

Ìyá Rọra, tó ni ọ̀rọ̀ yẹn, gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì wo ilẹ̀.